Ọmọ Tí A Kò Rà: Oko Branch Rickey àti Sáà 1942 ní St. Louis

 

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ìtàn bọ́ọ̀lù ni mo gbé dé lónìí, Arsenal àti Chelsea ni ọ̀pọ̀ yín máa rò. Rárá o. Béèsìbọ́ọ̀lù ni, eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi igi lù. Ẹ má tíì sá lọ. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Houston tàbí Atlanta, àwọn ọmọ-ọmọ yín á ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ló wà nínú ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ ọmọ kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Ẹ jẹ́ kí n la eré náà ní ṣókí. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta, alátakò rẹ̀ á fi igi lù ú, á sì sáré yípo ibùdó mẹ́rin. Bó bá sáré yí i ká padà délé láìjẹ́ pé wọ́n dá a dúró, àmì kan nìyẹn. Láyé tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló wà nínú National League, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gbá ìdíje 154 lọ́dún kan, láti oṣù Kẹrin títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ìdíje 154! Ẹni tó bá fi oṣù àkọ́kọ́ dájọ́ ẹgbẹ́ kan, ó kánjú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni ìtàn wa máa dúró lé.

ỌMỌ ÀGBẸ̀ TÓ DÁ OKO

Branch Rickey ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìgbèríko Ohio ni wọ́n bí i sí lóṣù Kejìlá ọdún 1881, bàbá rẹ̀ sì ń dáko. Ìdílé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n, àwọn tí kì í fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré. Rickey ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé òun kò ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú, ó sì dúró lórí rẹ̀. Kódà nígbà tó di kóòṣì, ẹlòmíì ló ń bá a darí ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn kan máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun kì í wá sí pápá lọ́jọ́ Olúwa, ṣùgbọ́n kò kọ owó tí wọ́n bá pa níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ìyẹn sápò ná, a máa padà débẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1907, nínú ìdíje kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá ni àwọn alátakò sáré jí ibùdó gbà níṣojú rẹ̀, òun gan-an sì ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá wọn dúró. Àmọ́ Ọlọ́run fún un ní ẹ̀bùn mìíràn: ojú tó fi ń rí ohun tó wà nínú ọmọdé kí ẹlòmíì tó rí i.

Lọ́dún 1917, ó lọ ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ St. Louis Cardinals, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ẹ̀yin ará mi, ẹgbẹ́ náà kúṣẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ó gbé kápẹ́ẹ̀tì ilé ara rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì kí ojú má bàa tì wọ́n níwájú àlejò. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ National League, wọn kò tíì gba ipò kìíní rí.

Ìṣòro tó ń bá a fínra nìyí. Bó bá rí ọmọ kan tó mọ̀ ọ́n gbá nínú ẹgbẹ́ kékeré kan ní ìgbèríko, kó tó na ọwọ́ sí i, àwọn olówó ti dé. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ kékeré ti mọ̀ pé ojú Rickey mú. Bó bá ti béèrè ọmọ kan, ńṣe ni wọ́n á ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ ńlá pé ọmọ rere wà níbí o, èló lẹ máa san? Ojú Rickey ló rí ọmọ, owó ẹlòmíì ló gbé e lọ.

Kí wá ni tálákà lè ṣe? Rickey ronú bí ọmọ àgbẹ̀. Bí n kò bá lówó ra iṣu lọ́jà, màá gbìn ín.

Lọ́dún 1920, ẹgbẹ́ náà fi pápá onígi wọn àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ gba ààyè nínú pápá ẹgbẹ́ mìíràn nílùú kan náà. Wọ́n ta ilẹ̀ náà ní dọ́là 275,000, apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àjọ ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà. Ilé ẹ̀kọ́ Beaumont ni wọ́n wá kọ́ sórí ilẹ̀ ọ̀hún. Rickey àti Sam Breadon tó ni ẹgbẹ́ kò fi owó náà ra ìràwọ̀ kankan. Wọ́n fi ra ìpín nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké: Fort Smith ní Arkansas, Houston ní Texas, Syracuse ní ìpínlẹ̀ New York. Bí àtẹ̀gùn ni wọ́n ṣe tò wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún á bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, bó bá ń dàgbà nínú eré, wọ́n á gbé e gun àtẹ̀gùn kan sí i, títí yóò fi dé St. Louis. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ló sọ ètò yìí ní “oko”, orúkọ náà ni wọ́n sì ń pè é títí dòní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín o. Àmọ́ lọ́dún 1926, Cardinals gba ipò kìíní fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì na Yankees ti New York nínú àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní World Series. Wọ́n tún gba World Series lọ́dún 1931 àti 1934. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1940, ẹgbẹ́ tó wà nínú oko Rickey lé ní 30, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ sì lé ní 600.

ÀWỌN TÍ ẸNÌKAN KÒ MỌ̀

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí gan-an nìyí. Bí àwọn èèyàn bá ń sọ ìtàn yìí, ọgbọ́n Rickey ni wọ́n máa ń yìn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oko tó tóbi tó yẹn, ojú ẹnì kan kò lè ká a. Àwọn kan wà ní àwọn ìlú kéékèèké tí wọ́n ń ro ó. Láìsí wọn, koríko ni ì bá hù.

Ẹ gbọ́ ti Enos Slaughter, ọmọ North Carolina. Lọ́dún 1936, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ oko tó wà ní Columbus, ní Georgia. Lọ́jọ́ kan, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀ láti inú pápá. Kóòṣì rẹ̀, Eddie Dyer, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ yìí lára. Láti ọjọ́ náà, Slaughter kì í rìn mọ́ nínú pápá, ńṣe ló máa ń sáré, títí ó fi darúgbó nínú eré náà. Ìbáwí ẹ̀ẹ̀kan péré láti ẹnu ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti Whitey Kurowski. Àrùn eegun kọlù ú nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n sì gé lára eegun apá ọ̀tún rẹ̀. Apá yẹn kúrú ju èkejì lọ. Ta ló máa fowó ra ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà? Oko Rickey gbà á, wọ́n sì kọ́ ọ.

Ẹ wá gbọ́ ti Stan Musial, òun ni mo torí ẹ̀ kọ gbogbo èyí. Ìlú Donora ní Pennsylvania ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1920. Bàbá rẹ̀ ti Poland wá, ilé iṣẹ́ irin ló ti ń làágùn. Bàbá yìí kò fẹ́ bọ́ọ̀lù rárá, yunifásítì ló fẹ́ kí ọmọ òun lọ. Àbí ẹ mọ bàbá tó jọ ọ́ ládùúgbò yín? Ìyá ló bá ọmọ bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1938, Musial ti wà ní Williamson, West Virginia, ní ìsàlẹ̀ oko pátápátá, ó ń gba dọ́là 65 lóṣù. Bọ́ọ̀lù jíjù ni iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1940, ó wà ní Daytona Beach ní Florida. Ó bẹ́ sílẹ̀ láti mú bọ́ọ̀lù kan, ó sì fi èjìká òsì gbálẹ̀. Ọwọ́ òsì yẹn ló fi ń jù ú o! Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, apá tó gbójú lé ti bàjẹ́. Nínú oko tí ọmọ tó lé ní 600 wà, ta ló máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì?

Dickie Kerr ni kóòṣì ẹgbẹ́ Daytona Beach. Àwọn tó mọ ìtàn eré yìí mọ orúkọ rẹ̀: lọ́dún 1919, nígbà tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Chicago gba rìbá láti fi World Series tọrẹ, Kerr wà lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù tiwọn lóòótọ́, tí ọwọ́ wọn mọ́. Kerr àti ìyàwó rẹ̀ gba Musial àti aya rẹ̀ sínú ilé ara wọn. Ó sọ fún ọmọ náà pé iṣẹ́ kò tíì parí, pé bí apá kò bá lè jù mọ́, ó ṣì lè fi igi lù. Ọmọ tí Musial bí lọ́dún yẹn, Richard ló sọ ọ́, orúkọ Kerr. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí Musial ti di olówó, ó ra ilé kan fún Kerr ní Houston.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kerr wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn.

SÁÀ 1942

Ní 1941, Musial tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ní Springfield, Missouri. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ó ti gun gbogbo àtẹ̀gùn dé St. Louis. Ọdún kan ṣáá sẹ́yìn, èjìká bàjẹ́!

Kí sáà 1942 tó bẹ̀rẹ̀, Cardinals ta Johnny Mize, alágbára tó ń lu bọ́ọ̀lù jìnnà, fún Giants ti New York. Wọ́n gba 50,000 dọ́là àti àwọn eléré mẹ́ta dípò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ inú oko ni wọ́n kù gbára lé. Kóòṣì wọn, Billy Southworth, òun náà ti kùnà rí: lọ́dún 1929 wọ́n fún un ní iṣẹ́ yìí, kò lè ṣe é, wọ́n dá a padà sínú oko. Ọdún mọ́kànlá ló tó padà dé ipò náà.

Ẹgbẹ́ tó wà níwájú wọn ni Dodgers ti Brooklyn. Larry MacPhail ló ń darí wọn, ọkùnrin tó ti bá Rickey ṣiṣẹ́ rí. Owó ni MacPhail fi kọ́ tiẹ̀. Ó ra alágbára níhìn-ín, ó ra àgbà níbẹ̀. Ó tilẹ̀ ra Joe Medwick, ọmọ oko Rickey gan-an, mọ́ ẹnì kan sí i, ní 125,000 dọ́là. Ọdún 1941, Brooklyn ló gba ipò kìíní.

Sáà bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹrin. Musial kò ti ṣe dáadáa nínú ìgbaradì, ṣùgbọ́n Southworth kò gbé e sílẹ̀. Oṣù Kẹrin kọjá, oṣù Karùn-ún kọjá, oṣù Kẹfà kọjá, ẹ̀yìn Brooklyn ni wọ́n ń wò. Nígbà tí oṣù Kẹjọ bẹ̀rẹ̀, ìdíje mẹ́wàá ni Brooklyn fi ṣíwájú wọn. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ti parí. Àmọ́ MacPhail alára, tó mọ irú oko tí àwọn ọmọ yẹn ti wá, kìlọ̀ fún àwọn eléré rẹ̀ pé àlàfo náà kò tó.

Kò tó lóòótọ́. Nínú ìdíje 51 tó kù, Cardinals borí nínú 43. Mẹ́jọ péré ni wọ́n pàdánù! Ní ọjọ́ 11 àti 12 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n lọ bá Brooklyn nílé, wọ́n nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹgbẹ́ méjèèjì wá di ọgbọọgba. Nígbà tí sáà parí, Brooklyn ti borí nínú ìdíje 104, èyí tó pọ̀ tó láti gba ipò kìíní lọ́pọ̀ ọdún. Cardinals borí nínú 106.

Yankees ló dúró dè wọ́n ní World Series. Láti ìgbà tí Cardinals ti nà wọ́n lọ́dún 1926, kò tíì sí ẹni tó tún nà wọ́n níbẹ̀. Wọ́n na àwọn ọmọ St. Louis ní ìdíje àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ náà sì borí nínú mẹ́rin tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́ kan. Ta ló lu bọ́ọ̀lù tó parí rẹ̀, jáde kúrò nínú pápá pátápátá, ní ìdíje karùn-ún? Whitey Kurowski, alápá kúkúrú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run.

Ẹ̀GÚN INÚ OKO

Òtítọ́ kò gbọdọ̀ dá sí méjì, bí mo bá dákẹ́ síbí, ìtàn mi kò pé. Ẹ yọ ohun tí ẹ fi sápò lẹ́ẹ̀kan jáde.

Rickey tó bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ Olúwa, ó ní ìpín tirẹ̀ nínú èrè bí wọ́n bá ta eléré kan. Bí ọmọ bá ti pọ̀ nínú oko, bẹ́ẹ̀ ni títà ṣe ń pọ̀. Owó oṣù àwọn ọmọ náà kéré. Òfin eré nígbà yẹn kò jẹ́ kí wọ́n lè fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Àwọn alátakò ń fi oko náà wé àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ so pọ̀. Lóṣù Kẹta ọdún 1938, Adájọ́ Landis tó jẹ́ olórí gbogbo eré náà rí i pé Cardinals fi àwọn ẹgbẹ́ kan bo ọmọ mọ́lẹ̀ lọ́nà tí kò bófin mu, ó sì dá 74 sílẹ̀ lómìnira.

Ọ̀kan nínú wọn ni Pete Reiser, ọmọ bíbí St. Louis, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Brooklyn mú un. Lọ́dún 1941, òun ló lu bọ́ọ̀lù dáadáa jù nínú gbogbo National League. Ó sì tún ń jó bí iná lọ́dún 1942, títí di oṣù Keje. Nínú pápá tó wà ní St. Louis, ìlú tí wọ́n bí i sí, ó sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tí Enos Slaughter lù, ó sì fi orí gbá ògiri. Wọn kò jẹ́ kí ara rẹ̀ yá tán kí wọ́n tó dá a padà sórí pápá. Kò gbá bọ́ọ̀lù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láé. Brooklyn nílò rẹ̀, wọn kò lè dúró. Ìdíje méjì péré ni Cardinals fi ṣíwájú wọn ní ìparí sáà yẹn. Ẹ bá mi rò ó.

Èyí tó burú jù: nínú gbogbo ọmọ tó lé ní 600 wọ̀nyẹn, kò sí aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo. Eré náà ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Lẹ́yìn tí Rickey kúrò ní St. Louis ní òpin ọdún 1942, tó lọ sí Brooklyn, ibẹ̀ ló ti mú Jackie Robinson. Inú oko ló kọ́kọ́ fi í sí, ní Montreal, lọ́dún 1946. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1947, Robinson bọ́ sórí pápá ní Brooklyn. Láìpẹ́ sígbà náà, ó lọ fún ọ̀pọ̀ ìdíje tí igi rẹ̀ kò ba bọ́ọ̀lù dáadáa, èébú sì ń rọ̀ lé e lórí. Àwọn kóòṣì rẹ̀ kò yọ ọ́. Ní ìparí sáà, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn eléré tuntun tó dára jù lọ́dún náà. Ká ní wọ́n fi oṣù Kẹrin dájọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Rickey gbìn, àwọn mìíràn sì kórè. Ọdún 1946, Cardinals àti Brooklyn parí sáà ní ọgbọọgba, wọ́n ní láti gbá ìdíje àfikún. Àwọn ọmọ tí Rickey gbìn na ẹgbẹ́ Rickey fúnra rẹ̀. Musial wà níbẹ̀, Slaughter wà níbẹ̀, Kurowski wà níbẹ̀. Nínú ìdíje keje World Series pẹ̀lú Boston, Slaughter sáré láti ibùdó àkọ́kọ́ títí délé láìdúró, ìyẹn ló fún wọn ní ife. Ta ni kóòṣì wọn? Eddie Dyer, ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ọmọ kan ní Georgia lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Musial lo sáà 22 pẹ̀lú St. Louis, kò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá mìíràn rí.

KÍ LÈYÍ SỌ FÚN WA?

N kò ní fi gùn. Ìjọ tó ń fi owó tan onílù àti akọrin ìjọ mìíràn wá, MacPhail ló ń ṣe. Ó lè gba ipò kìíní lọ́dún kan. Àmọ́ àwọn ọmọ tiẹ̀ ńkọ́, tó jókòó lẹ́yìn tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan dùùrù, torí wọ́n ṣàṣìṣe lọ́jọ́ Àìkú kan ṣoṣo?

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀yin tí ẹnìkan kì í pe orúkọ yín lórí pẹpẹ, ẹ̀yin ni Kerr. Ẹ̀yin ni Dyer. Àwa pásítọ̀ la máa ń gba ìyìn, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí èjìká ọmọ bàjẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó gbé F bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, èyí tó ní òun kò ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ mọ́, èyí tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ìdíje mẹ́wàá ṣíwájú, oṣù Kẹrin ló ṣì wà. Ẹ bá a wí, ẹ má gbé e sílẹ̀. Kí ẹ má sì tìtorí èrè tiyín lò ó dépò tí yóò fi orí gbá ògiri. Ọmọ kì í ṣe ọjà.

Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ loníṣẹ́, ẹni tó bá fi orí tì í dópin ni.

Ẹ kọ orúkọ ẹnì kan tó dúró tì yín nígbà tí apá yín rọ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, ká jọ gbàdúrà fún wọn. Bí wọ́n bá ṣì wà láyé, ẹ pè wọ́n lórí fóònù lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Olúwa kò ní jẹ́ kí a gbin ọmọ fún ẹlẹ́yà. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omijé, yóò parí pẹ̀lú ẹ̀rín, lórúkọ Jésù. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbà á gbọ́, ẹ ṣe àmín.